Ìyálé Kò Tíì Tọ́ Ọ Wò

Inú ń bí Màmá Helen Awóyẹmí, Helen lorúkọ òun fúnra rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àgbàlagbà kì í bínú. Bí ọmọ tí ẹ bí bá sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá lé yín lórí, nínú ilé tí ẹ ti bí i, ẹ̀yin náà á bínú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Ó funfun, ó rí roboto, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn apá òsì rẹ̀ lókè. Okùn tín-ín-rín kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó wọ inú awọ lọ, òun ló ń wo bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú ara, tó sì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù tọ̀sán tòru, pẹ̀lú ọfà tó ń fi hàn bóyá ó ń gòkè àbí ó ń já; bí èyíkéyìí bá pọ̀ jù, fóònù á ké. Bọ́tìnnì náà ni gbogbo agbo ilé ń pè é. Bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, wọn a yọ ọ́, wọn a lẹ òmíràn.

Ká sọ òtítọ́, Màmá Helen fẹ́ràn bọ́tìnnì yìí. Láti ọdún tí àtọ̀gbẹ ti mú un, ìka ọwọ́ ló ń fi abẹ́rẹ́ gún láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí ìka fi le gbagidi. Obìnrin tó ti kọ́ ọmọ aráyé níwèé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Òmù-Àrán, tó jẹ ọ̀gá àgbà kó tó fẹ̀yìn tì, ó wá di ẹni tí kò lè fọwọ́ kan ata lílọ̀ láìpariwo. Bọ́tìnnì ló gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Ó kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀ kí kànìnkànìn má baà ká etí rẹ̀ sókè. Ó kọ́ bí a ṣe ń bọ́ bùbá kí apá aṣọ má fà á tu. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi ń sùn, torí pé bó bá sùn lé bọ́tìnnì lápá òsì pẹ́, ẹ̀rọ á máa ké pé ṣúgà ti já, irọ́ sì ni. Bí ooru bá ń mú, òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí yọ gọ́ọ̀mù rẹ̀, Màmá á lẹ pílásítà lé e lórí. Bí Nẹ́pà bá sì gbé ìṣe wọn dé, tí iná tó ń ti ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Gánmọ bọ̀ kò rántí pé àwa náà jẹ́ èèyàn, á gbé fóònù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tó ní sólà.

Àwọn tó bá rí i lọ́jà a máa bi í pé, "Tíṣà, kí lèyí lápá yín?"

"Ẹlẹ́rìí mi ni," ni Màmá á wí, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Àṣé ẹlẹ́rìí náà ní ẹnu méjì. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ fún Màmá ló ń sọ fún Èkó. Dáníẹ́lì, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì níbẹ̀, ló ń ra bọ́tìnnì. Láyé tí epo bẹntiróòlù ti gbówó lérí, tí búrẹ́dì ti di oúnjẹ ọlọ́lá yìí, kì í ṣe ohun kékeré, Màmá a sì máa kúnlẹ̀ gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì tún ṣe é kí fóònù tirẹ̀ àti ti Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, máa rí gbogbo nọ́ńbà ọ̀hún. Láti ọjọ́ náà ni iyán kò ti lọ geere lọ́fun Màmá mọ́.

"Màmá, ṣúgà yín ń gòkè. Kí lẹ jẹ?"

"Iyán ni."

"Iyán kẹ̀! Iyán, Màmá!"

"Dáníẹ́lì, iyán yìí náà ni mo fi tọ́ ọ."

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tán tí ti Caroline fi dé. Nílé ọ̀fọ̀ tó lọ ní Àrán-Ọ̀rin, níbi tí wọ́n ti ń sunkún òkú, Caroline pè é pé ta ló fún un ní nǹkan dídùn. Nǹkan dídùn, nílé ọ̀fọ̀! Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí ibà ọ̀hún sì gbé ṣúgà sókè, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ara ń ro ó. Oúnjẹ ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n bá a jà lórí ìbẹ́pẹ tí kò jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìyá ni àbí ẹlẹ́wọ̀n?

Màmá ń gbé e mì. Ó ní ìfẹ́ ló fà á. Àmọ́ àṣejù, baba àṣetẹ́ ni, àṣejù yìí sì dé orí ohun tí kò yẹ kó dé, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrántí ọdún kẹwàá ikú ọkọ rẹ̀.

Kí n tó sọ ti ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé Awóyẹmí. Bí ìnáwó bá dé, wọn kì í gba alásè. Àwọn obìnrin ilé ló ń sè, oníkálukú nídìí ààrò tirẹ̀. Kí ṣíbí ọbẹ̀ kan tó dé ọ̀dọ̀ àlejò, ìyàwó kọ̀ọ̀kan á gbé ìkòkò rẹ̀ lọ síwájú ìyálé, ìyẹn àgbà gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ sínú agbo ilé. Ìyálé á jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á ṣan ọwọ́, á mú òkèlè iyán kékeré, á fi kan ọbẹ̀ inú ìkòkò náà, á jẹ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Bó bá dùn, á ní, "Gbé e lọ." Bí kò bá dùn, á sọ ohun tó kù.

Àwọn kan rò pé torí májèlé ni. Rárá o. Ohun tí ìyálé bá fẹnu kàn ti di ti ilé nìyẹn. Ìyàwó tí ìyálé kò bá tọ́ ìkòkò rẹ̀ wò, bí ẹni pé wọ́n ní kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ ilé bàbá rẹ̀ ni. Ìyálé tó bá sì kọ àga yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó kan ṣoṣo, tí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, kò tún padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá Helen ti jẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí, kò sì fi oyè náà yangàn tó bó ṣe ń fi àga yìí yangàn.

Ọdún yìí tilẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Ìyàwó tuntun kan wà nílé, Ràfátù. Ìkòkò rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi rí oorun sùn.

Màmá ti ro gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkèlè kan níbí, òkèlè kan lọ́hùn-ún, bó bá fi máa kárí gbogbo ìkòkò, oúnjẹ gidi ni. Nígbà tí wọ́n dé láti ilé ìsìn, tó ti gbọ́ tí Suwebat, ìyàwó tó tẹ̀lé e nínú ilé, ń kígbe pé iyán ti délẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó gún abẹ́rẹ́ oúnjẹ, èyí tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, sí ìsàlẹ̀ ikùn bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ yìí kì í gbọ́ àwáwí. Bí o bá ti gún un, dandan ni kí oúnjẹ tẹ̀lé e. Bí oúnjẹ kò bá tẹ̀lé e, ṣúgà á já wálẹ̀ bí garawa tó já sí kànga, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Bí wọn ò bá sì tètè fún un ní nǹkan dídùn mu, ó lè gba ibẹ̀ kú.

Ó jáde, ó jókòó sórí àga, ó ṣan ọwọ́. Suwebat ti gbé ìkòkò ẹ̀gúsí tirẹ̀ síwájú. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àlejò ti kún abẹ́ igi máńgòrò. Ìgbà náà gan-an ni Dáníẹ́lì dé tòun ti fóònù lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Èkó kan ń tẹ̀lé e.

"Màmá, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn."

"Kí ló dé?"

"Ṣé gbogbo ìkòkò yìí lẹ fẹ́ jẹ?"

"Mi ò fẹ́ jẹ ẹ́. Mo fẹ́ tọ́ ọ wò ni."

"Ọ̀kan náà ni. Èmi ni mò ń rí nọ́ńbà yín. Láàárọ̀ yìí ńkọ́, ó ti ga!"

"Láàárọ̀ yìí, mi ò tíì fẹnu kan omi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ló máa ń gòkè bẹ́ẹ̀, ara ló ń ṣe é." Màmá rẹ ohùn sílẹ̀ kí àlejò má gbọ́. "Dáníẹ́lì, gbọ́ mi. Mo ti gún abẹ́rẹ́ oúnjẹ."

"Ó kúkú dára bẹ́ẹ̀," ni Dáníẹ́lì wí. "Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà ráyè ṣiṣẹ́."

Ẹ gbọ́ o! Kí abẹ́rẹ́ ráyè ṣiṣẹ́! Ọmọ tó kàwé tó yege, tó ń bá olówó ṣírò owó, ó rò pé bí oògùn bá ṣiṣẹ́ lófo, ṣe ni yóò ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Kò bi dókítà, kò bi ẹni tó ń gún un. Ó yíjú sí àwọn obìnrin ilé, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo abẹ́ máńgòrò lè gbọ́.

"Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ máa bu oúnjẹ lọ. Màmá ò ní tọ́ nǹkan kan wò. Àìsàn ló ń ṣe wọ́n, wọn ò sì mọ ìwọ̀n ara wọn."

Wọn ò mọ ìwọ̀n ara wọn. Lójú Suwebat. Lójú Ràfátù tó gbé ìkòkò dání. Ọwọ́ Màmá yún un, ká má purọ́. Etí ọmọ náà kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n àlejò ló pọ̀ tó yìí, ẹni tó bá sì na ọmọ rẹ̀ lójú àlejò, ara rẹ̀ ló nà. Ó rò ó pé òun á wọlé, òun á jẹ súwíìtì tí òun máa ń fi sínú àpò fún irú àsìkò báyìí, bí ariwo bá rọlẹ̀, òun á padà jáde wá jókòó. Ó dìde. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Caroline tẹ̀lé e wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé àpótí ìjókòó sídìí rẹ̀.

Màmá ki ọwọ́ bọ inú àpò. Kò bá súwíìtì kankan níbẹ̀. Ó tú àpò náà dà sórí ibùsùn.

"Mo ti kó wọn fún àwọn ọmọdé," ni Caroline wí. "Súwíìtì, Màmá! Nínú àpò ẹni tó ní àtọ̀gbẹ! Ojú tì mí nígbà tí mo rí i."

"Caroline, oògùn mi lo kó fún wọn."

"Kí súwíìtì jẹ́ oògùn yín kẹ̀? Ẹ jókòó, Màmá, ẹ sinmi."

Fóònù Màmá náà wà lọ́wọ́ Caroline, torí ó ní ó ń ké jù, ó sì ké láàárín àdúrà láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà síta. Dáníẹ́lì rò pé àwọn obìnrin á máa bu oúnjẹ lọ. Suwebat gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àga tó ṣófo náà, ó fi ìdí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Èkejì gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ìkòkò fi kún iwájú yàrá Màmá títí dé ìdí kànga, tí gbogbo wọn jókòó tì í, tí òórùn ẹ̀gúsí sì ń lọ bá àwọn àlejò lábẹ́ máńgòrò.

Dáníẹ́lì wá bá Suwebat. "Ìyàwó, ebi ń pa àwọn èèyàn."

"Mo mọ̀, ọkọ mi Akọ̀wé," ni Suwebat wí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè é láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ tó bá a ní kékeré. "Ìyálé kò tíì tọ́ ọ wò ni."

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀lé wọn. Ẹ jókòó sórí àga yẹn kí ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín."

"Èmi?" Suwebat gbé orí sókè, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí n jókòó síbẹ̀, kí Ìyálé mi sì máa mí nínú yàrá? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o! Ta ló ń pín ogún alààyè?"

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí ké lápò Dáníẹ́lì. Ó mọ ariwo náà, ó ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Kò tilẹ̀ yọ ọ́ wò. "Ẹ ò rí i báyìí? Wọ́n ti rí nǹkan fi sẹ́nu níbẹ̀."

Nínú yàrá, ti Màmá náà ń ké lọ́wọ́ Caroline. Caroline tẹ̀ ẹ́ pa. "Màmá, kí lẹ jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Wò ó dáadáa, Caroline. Ó ń já ni. Orúnkún mi ti ń gbọ̀n."

"Ẹ la ẹnu kí n wò ó."

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹnu ìyá rẹ̀. Ẹnu tó fi yọ eegun kúrò nínú ẹja fún un nígbà tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹnu tó fi kọ́ ọ ní "A, B, D". Màmá wò ó. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu. Kì í ṣe pé ó gbà fún un, ó kàn fẹ́ kí ọmọ náà gbà á gbọ́ kó tó pẹ́ jù ni. Caroline tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo inú ẹnu náà tọ̀tún tòsì. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Ẹ ti gbé e mì nìyẹn," ni ó wí.

Nígbà yẹn ni omi lé sí Màmá lójú, tí kì í ṣe tìtorí àìsàn. Ètè rẹ̀ ti ń kú tipiri. Òógùn ti rin bùbá rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní, "Orí fóònù, ọfà náà, ó dorí kodò, wò ó," àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń jáde ní wọ́gọwọ̀gọ.

"Màmá, ẹ má ṣe mí báyìí nítorí iyán lásán. Ẹ̀ ń díbọ́n."

Fóònù tún ké. Ó tún tẹ̀ ẹ́ pa.

Níta, ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Àwọn àlejò ti ń kùn. Àwọn kan ti ń wá bàtà wọn. Ràímì, àbúrò olóògbé tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí, fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde láàárín wọn, ó wá bá Dáníẹ́lì.

"Dáníẹ́lì, lọ bẹ ìyá rẹ kó wá tọ́ ọbẹ̀ wò."

"Bàbá, ẹ má bínú, ìlera wọn ni mò ń wò."

"Níbo lo ti ń wò ó?"

Dáníẹ́lì fi ọwọ́ lu àpò tí fóònù rẹ̀ wà.

"Ìyá rẹ wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ yìí," ni Ràímì wí, "o sì ń wò ó lórí fóònù. Ṣé ojú rẹ fọ́ ni?"

Inú bí Dáníẹ́lì. Ó gbọ̀nà yàrá lọ, kì í ṣe láti bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí Màmá yọjú sẹ́nu ọ̀nà kó pàṣẹ fún àwọn obìnrin náà, kí ìtìjú tán. Suwebat dìde, ó tẹ̀lé e.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Màmá jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Gèlè rẹ̀ ti ṣubú. Omi ń kán ní iwájú orí rẹ̀ sórí àyà. Caroline kúnlẹ̀ tì í, ẹ̀rù ti ń bà á báyìí, ó ń sọ pé, "Wọ́n pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, Bùrọ̀dá. Àbẹ̀kẹ́ àbúrò wọn tó ti kú!" Màmá kò wo òun, kò wo Dáníẹ́lì. Ojú rẹ̀ wá Suwebat rí lẹ́yìn wọn.

"Míníràlì," ni ó wí. Ó tún un wí. "Míníràlì. Kíá."

Suwebat kò bi í pé kí ló dé. Ó yí padà, ó sáré dé abẹ́ máńgòrò, ó já ìgò míníràlì gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ Dáníẹ́lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kan ẹnu, ó sì sáré padà. Caroline na apá di ọ̀nà.

"Ṣúgà nìyẹn! Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

"Ìyálé ló ní kí n gbé e wá," ni Suwebat wí, ó fi èjìká gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé orí Màmá lé itan, ó ń dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ gbé e mì, Ìyálé mi, ẹ gbé e mì." Ìdajì ń dà sí bùbá. Ìdajì ń wọlé. Nígbà tí ìgò kan tán, Ràfátù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òmíràn.

Dáníẹ́lì yọ fóònù rẹ̀ nígbà náà. Ó wò ó. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ pupa, kò rí èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí, ọfà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dojú kọ ilẹ̀. Gbogbo igbe tó ti tẹ̀ pa láti ìgbà tó ti dúró níwájú ìkòkò tò sórí fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka àkọ́kọ́, ó ka èkejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú agbádá rẹ̀.

Ó gba àkókò díẹ̀ kí ojú Màmá tó walẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó nu ẹnu. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dá sílẹ̀ ni pé, "Ta ló wà lórí àga mi?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyálé," ni Suwebat wí.

"Ẹ gbé mi dìde."

Wọ́n ní kó sinmi. Ó ní òun ti sinmi tó. Wọ́n pààrọ̀ bùbá fún un, wọ́n wé gèlè fún un, ó jáde síta lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó jókòó, ó ṣan ọwọ́. Ó tọ́ ti Suwebat wò, ó ní, "Gbé e lọ." Ó tọ́ gbogbo rẹ̀ wò tẹ̀lé ara wọn, kò sì fo ẹnì kan. Nígbà tó kan Ràfátù, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó di ojú. Màmá jẹ ẹ́.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ìyàwó wa. Lọ fi díẹ̀ sí i."

Ìyàwó wa! Ràfátù fò sókè, ó gbé ìkòkò náà sáré bọ́ sídìí ààrò, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Àwọn àlejò jẹun. Mo gbọ́ pé ará Èkó tí wọ́n já míníràlì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì.

Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé nígbà tí àlejò túká tí Màmá pe àwọn ọmọ rẹ̀ sínú yàrá. Dáníẹ́lì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Caroline kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Suwebat fẹ́ jáde, Màmá ní kó jókòó.

"Màmá, ẹ dárí jì wá," ni Dáníẹ́lì wí. "Ẹ̀bi wa ni, a ò mọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà rí i báyìí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ bá wa lọ sí Èkó, kí a lè máa mójú tó yín dáadáa."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi dì í mú! Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló ṣì wà o! Ẹni tí ẹ̀ ń mójú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lójú yín, ẹ wá ní kó tẹ̀lé yín lọ síbi tí kò ti ní sí Suwebat.

Màmá kò pariwo. "Caroline, fún mi ní fóònù mi."

Ó wọ jígí rẹ̀. Ó ṣí i, ó wá ibi tí orúkọ àwọn tó ń rí nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ó yọ ti Dáníẹ́lì. Ó yọ ti Caroline. Ó ní kí Suwebat gbé fóònù rẹ̀ wá, ó sì fi orúkọ Suwebat sí i.

"Suwebat, bó bá ké, wá bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́. Ohun tí mo bá wí ni kí o gbé wá."

"Mo gbọ́, Ìyálé."

Dáníẹ́lì ti dìde jókòó, ó ń wo fóònù rẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà mọ́. "Màmá! Èmi ni mò ń ra bọ́tìnnì yìí!"

"O ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Bàbá rẹ ń ra bàtà fún ọ títí o fi parí ìwé. Ṣé ó wá ní òun ló ni ẹsẹ̀ rẹ?"

Dáníẹ́lì gbé fóònù náà sílẹ̀.

"Bó bá sì wù ọ́ kí o má rà á mọ́, má rà á. Mo ní ìka mẹ́wàá, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gún un."

"A ó máa rà á, Màmá," ni Dáníẹ́lì wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Caroline bú sẹ́kún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, báwo la ó ṣe wá máa mọ̀ bí ara yín ṣe rí?"

"Ẹ ó bi mí," ni Màmá wí. "Bí mo bá sì dá yín lóhùn, ẹ ó gbà mí gbọ́."